Ìjókòó Awakọ̀: Láti Ayé Bọ́lẹ̀kájà dé Ọ̀nà Àbíjàn

Nígbà tí ìjàǹbá ọkọ̀ bá ṣẹlẹ̀, ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé, ‘Kí ni awakọ̀ ń ṣe?’ Wọn a ní ó sáré jù, wọn a ní ó ti mutí, wọn a ní oorun ló gbé e lọ. Òótọ́ máa ń wà nínú àwọn ẹ̀sùn wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà tí a kì í sábà gbọ́. Orí kí ni awakọ̀ náà jókòó lé? Ta ni ó kan ìjókòó náà fún un? Ǹjẹ́ ooru ẹ́ńjìnnì ń jó o lẹ́sẹ̀? Ǹjẹ́ ó rí ọ̀nà kedere láti ibi tí wọ́n fi í sí? Kí ni ó wà láàrin àyà rẹ̀ àti ohun tí ọkọ̀ rẹ̀ lè lọ kọlù?

Ìtàn ìrìnnà ilẹ̀ Yorùbá ti sọ púpọ̀ nípa ọ̀nà, nípa ọlọ́kọ̀ àti nípa ẹrù. Kò tíì sọ tó nípa àyè kékeré tí awakọ̀ ń jókòó sí, èyí tí a ó máa pè ní yàrá awakọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí gbogbo ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ so mọ́ ara ẹni kan ṣoṣo tí ó wà nínú yàrá náà. Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìlú tí ọkọ̀ ṣe pàtàkì fún tó báyìí kò pọ̀.

ÌLÚ TÍ RÉLÙWÉÈ KÒ DÉ

Èjìgbò, ìlú Ògìyán, wà ní àárín àwọn ìlú ńláńlá. Ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà sí Ògbómọ̀ṣọ́, kìlómítà 24 sí Ẹdẹ, 35 sí Ìwó, àti nǹkan bí ogójì sí Òṣogbo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ojú irin tí ó gbéra láti Èkó tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1901 tẹ̀ síwájú gba Ẹdẹ àti Òṣogbo kọjá lọ sí òkè ọya. Kò ya Èjìgbò. Nítorí náà, iṣu, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà àti àgbàdo tí ó ń ti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, Ìlàwó, Máṣífà àti àwọn abúlé yòókù wá kò ní ọ̀nà mìíràn ju orí ènìyàn lọ, títí tí ọkọ̀ akẹ́rù fi dé.

Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tí wọ́n là ní 1906, wà lára àwọn ọ̀nà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ilẹ̀ wa. Láti ìgbà náà ni lọ́rì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ilẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì fi parí ní 1945, kò sí ọjà pàtàkì kan ní agbègbè yìí tí kò mọ ìró lọ́rì. Lọ́rì ọ̀hún ni àwọn èrò sọ ní bọ́lẹ̀kájà.

GBẸ́NÀGBẸ́NÀ NI Ó KỌ́LÉ FÚN AWAKỌ̀

Àwọn àgbà a máa sọ pé, ‘À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú.’ Nínú ọ̀rọ̀ bọ́lẹ̀kájà, gbẹ́nàgbẹ́nà gan-an ni wọ́n pè, òun náà ni ó sì jẹ́. Ohun tí ilé-iṣẹ́ òkè òkun ń kó ránṣẹ́ kì í sábà ju ẹ́ńjìnnì, ẹsẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ṣáàsì lọ, èyíinì ni irin gbọọrọ méjì tí ó jẹ́ egungun abẹ́ ọkọ̀. Lára àwọn tí ó gbajúmọ̀ jù ni Bedford, tí ilé-iṣẹ́ Vauxhall bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1931. Bí egungun yìí bá ti dé, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ni wọ́n ń fi pákó kọ́ ilé lé e lórí: wọn a gbé òpó dúró, wọn a da òrùlé bò ó, wọn a to pákó gbọọrọ fún èrò, wọn a sì pe akunlé kí ó wá kọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọgbọ́n wà nínú iṣẹ́ yìí. Pákó kò wọ́n tó irin. Bí ọkọ̀ bá forí sọ igi lónìí, gbẹ́nàgbẹ́nà lè tún un kàn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ọkọ̀ kan náà lè kó èrò lọ sí ọjà ní òwúrọ̀ kí ó sì kó iṣu bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó fi ojú tẹ́ḿbẹ́lú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó gbé ètò ọrọ̀ ajé odidi ìran kan ró pẹ̀lú ayùn àti òòlù.

Ṣùgbọ́n bí a bá bèèrè ẹni tí wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń wọn pákó, ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹrù àti èrò ni. Èrò ní ń mú owó wá, ẹrù ní ń mú owó wá. Àyè iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ gan-an níye lórí, nítorí pé owó ọkọ̀ ẹni tí ó bá jókòó síbẹ̀ máa ń ju ti ẹni tí ó wà lẹ́yìn lọ. Awakọ̀ nìkan ni ara rẹ̀ gba àyè láìsan kọ́bọ̀. Nítorí náà, wọ́n fún un ní ìwọ̀nba. Pákó tí wọ́n fi tìmùtìmù fẹ́lẹ́ bò ni ó ń jókòó lé. Kò ṣeé sún síwájú, kò ṣeé sún sẹ́yìn. Awakọ̀ gíga ká eékún rẹ̀ sókè, awakọ̀ kúkúrú na ẹsẹ̀ kí ó tó lè tẹ bíréèkì. Pákó tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ògiri, kò sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ dúró.

Pákó tún ní àléébù kan tí ó burú ju gbogbo èyí lọ. Bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, irin a máa ká, yóò sì gba díẹ̀ nínú agbára ìkọlù náà mọ́ra. Pákó kì í ká, fífọ́ ni ó ń fọ́, gbogbo ẹ̀là rẹ̀ a sì di ọ̀bẹ. Ẹrù tí ó wà lẹ́yìn a sì máa ya wọ iwájú, nítorí pé ohun tí ó pààlà láàrin rẹ̀ àti awakọ̀ kò ju pákó kan lọ.

OORU, ARIWO ÀTI ÈÉFÍN

Ibi tí ẹ́ńjìnnì wà ni ó ń sọ bí ara awakọ̀ yóò ti rí ní òpin ọjọ́. Nínú lọ́rì onímú gígùn, ẹ́ńjìnnì wà níwájú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, irin kan sì dá a dúró kúrò lọ́dọ̀ awakọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò fẹ́ kí ẹrù pọ̀ sí i lórí ṣáàsì tí gígùn rẹ̀ kò pọ̀ sí i. Ọ̀nà tí àwọn aṣelọ́rì gbà ṣe é ni pé wọ́n ti yàrá awakọ̀ síwájú, títí tí ẹ́ńjìnnì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di aládùúgbò ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí a bá rántí pé ọkọ̀ tí wọ́n wò gẹ́gẹ́ bí ohun ìlò ilẹ̀ òtútù ni, a ó mọ ìdí tí kò fi dà wọ́n láàmú. Ohun tí ó ń mú ara yá lọ́hùn-ún ni ó ń sun ara níhìn-ín.

Kí a fi ojú inú wo awakọ̀ kan tí ó gbéra láti Èjìgbò pẹ̀lú ẹrù iṣu ní ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà. Oòrùn wà lókè, ẹ́ńjìnnì wà nísàlẹ̀, eruku ń gba ojú fèrèsé wọlé. Bí ó bá ti fèrèsé, ooru a pa á. Bí ó bá ṣí i, eruku àti èéfín a bo imú rẹ̀. Sítíárìn kò ní ẹ̀rọ tí ń bá a yí i, agbára apá rẹ̀ ni. Gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ń gba inú pákó wọ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ kò nílò ọtí kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé.

ỌKỌ̀ KAN, ILẸ̀ MÁRÙN-ÚN

Ohun tí ó mú ìtàn Èjìgbò yàtọ̀ ni ọ̀nà Àbíjàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Côte d’Ivoire, tí wọ́n sì pọ̀ níbẹ̀ débi pé èdè Faransé kò ṣàjèjì ní ọjà Èjìgbò fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ ni okùn tí ó so ilé mọ́ àjò. Láti Èkó sí Àbíjàn nìkan lé ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà, ó sì gba orílẹ̀-èdè márùn-ún kọjá: Nàìjíríà, Dàhòmì tí ó di Benin ní 1975, Tógò, Gánà àti Côte d’Ivoire.

Nísinsìnyí, kí a ronú sí èyí. Kí ó tó di 1972, ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà, nítorí pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi àṣà náà lélẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wọ Dàhòmì àti Tógò, tí Faransé ṣàkóso, ọwọ́ ọ̀tún ni. Bí ó bá wọ Gánà, ó di ọwọ́ òsì padà. Bí ó bá wọ Côte d’Ivoire, ó tún di ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni awakọ̀ tí ó bá wa ọkọ̀ láti Èkó dé Àbíjàn gbọ́dọ̀ yí ọwọ́ padà lójú ọ̀nà kan ṣoṣo. Ojú ọ̀nà lè yí, ọkàn awakọ̀ lè yí, ṣùgbọ́n ìjókòó rẹ̀ kò lè yí. Ibi tí wọ́n kàn án mọ́ ní Nàìjíríà, ní apá ọ̀tún ọkọ̀, ni yóò wà títí dé Àbíjàn.

Ìtumọ̀ èyí kò ṣòro. Ẹni tí ó bá jókòó sí apá ọ̀tún lójú ọ̀nà tí a ń gba ọwọ́ ọ̀tún kò lè rí ọkọ̀ tí ń bọ̀ lókèèrè nígbà tí ó bá fẹ́ ya lọ́rì kan sílẹ̀. Yóò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ìdajì ọkọ̀ rẹ̀ sí àárín títì kí ojú rẹ̀ tó kan ọ̀nà, tàbí kí ó gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu ẹni tí ó jókòó lódìkejì pé, ‘Máa lọ, kò sí nǹkan!’ Ẹ̀mí ogójì ènìyàn wá di ohun tí ó wà lórí ojú ọmọ-ọkọ̀.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Ẹpírílì ọdún 1972 ni Nàìjíríà yí sí ọwọ́ ọ̀tún. Gánà tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kẹrin oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 1974. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà Èkó sí Àbíjàn ti di ọwọ́ kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àǹfààní ńlá ni èyí. Síbẹ̀, òfin yí ọ̀nà padà ní ọjọ́ kan. Kò yí ọkọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀ padà. Ẹni tí ó ní ọkọ̀ àtijọ́ ní láti yàn: kí ó fi sítíárìn sílẹ̀ níbi tí ó wà, kí awakọ̀ máa wo ọ̀nà láti ibi tí kò yẹ, tàbí kí ó gbé e fún mẹkáníìkì kí ó gbé sítíárìn, bíréèkì àti gbogbo ohun tí ó so mọ́ wọn lọ sí òdìkejì. Bí iṣẹ́ náà kò bá pé, ihò tí ó ṣẹ́kù a máa jẹ́ kí èéfín wọlé, orí tí wọ́n jó mọ́ra láìdára a sì lè já nígbà tí a bá nílò rẹ̀ jù. Ilẹ̀kùn èrò náà ní láti kúrò ní apá òsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àárín títì ni èrò yóò máa sọ̀ kalẹ̀ sí.

OHUN TÍ AYÉ TI MỌ̀

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni wọ́n ti gbàgbé awakọ̀. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, Dókítà J. N. Morris àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì, wọ́n sì gbé e jáde ní 1953. Wọ́n rí i pé àrùn ọkàn ń ṣe àwọn awakọ̀ tí ó jókòó láti òwúrọ̀ dé alẹ́ ju àwọn kọ̀ńdọ́ tí ń gun àtẹ̀gùn sókè sódò lọ. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni, bọ́ọ̀sì kan náà ni. Ìwádìí yìí wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ la ojú ayé sí i pé jíjókòó pẹ́ lè di àrùn.

Ní 1959, Nils Bohlin, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ Volvo ní Sweden, ṣe bẹ́líìtì ààbò tí ó di èjìká àti ìbàdí mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ní orílẹ̀-èdè yẹn kan náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun wúwo lu yàrá awakọ̀ lọ́rì láti mọ̀ bóyá awakọ̀ yóò yè nínú rẹ̀. Ní 1979, Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ fọwọ́ sí àdéhùn kan pé awakọ̀ kò gbọdọ̀ wakọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ láìsinmi, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́sàn-án lọ lójúmọ́. Nígbà tí ó di 2012, àjọ tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé èéfín ẹ́ńjìnnì dísù wà lára àwọn ohun tí ó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ohun tí awakọ̀ wa ti ń fà símú fún ọ̀pọ̀ ọdún wá ní orúkọ.

Ní ilé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká wà lára àwọn tí ó jí wa sí ọ̀ràn ààbò ojú pópó. Ní 1977 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Èjìgbò wà lábẹ́ rẹ̀ títí di 1991 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀. Ní 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀, Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ṣùgbọ́n ohun tí aráàlú ń rí jù nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìwà awakọ̀: eré àsájù, ọtí, ìwé àṣẹ. Ìjókòó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ìjíròrò.

LÁTI ORÍ PÁKÓ SÍ ORÍ TÒKUNBỌ̀

Ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1970 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, owó epo rọ̀bì mú kí ilé-iṣẹ́ tí ń to ọkọ̀ pọ̀ ní Nàìjíríà. Leyland wà ní Ìbàdàn, ti Mercedes wà ní Enugu. Lọ́rì tí yàrá awakọ̀ rẹ̀ jẹ́ irin láti ilé-iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò bọ́lẹ̀kájà. Ó dà bí ẹni pé ìṣòro ti fẹ́ tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí iye náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, ọkọ̀ tuntun kúrò ní àrọ́wọ́tó, tòkunbọ̀ sì gba ọjà. Púpọ̀ nínú bọ́ọ̀sì kéékèèké tí ó ń kó èrò kiri láàrin Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Òṣogbo ni ó jẹ́ pé ẹrù ni wọ́n fi ń kó ní Yúróòpù. Nígbà tí wọ́n dé ìhín, ajórin ni ó to ìjókòó irin sínú wọn. Nínú àwọn kan, abẹ́ ìjókòó awakọ̀ gan-an ni ẹ́ńjìnnì wà. Nínú òmíràn, eékún awakọ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí ìkọlù yóò bá pàdé.

Nítorí náà, ohun tí a rò pé ó ti parí kò parí. Ohun èlò nìkan ni ó yí padà. Gbẹ́nàgbẹ́nà fi ayùn sílẹ̀, ajórin gbé iná. Oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú wa ṣì ni ó ń pinnu ibi tí awakọ̀ yóò jókòó sí àti bí yóò ti jókòó.

Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí ń kọ́ni wà níbí. Bí a bá dúró de ilé-iṣẹ́ òkè òkun nìkan, a ó dúró pẹ́. Ohun tí ajórin lè ṣe lónìí kò kéré: kí ó yà ìjókòó awakọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti èrò, kí ó sì ṣe é kí ó ṣeé sún, kí ó fi ohun tí ń dí ooru sí àárín irin méjì lórí ẹ́ńjìnnì, kí ó dí gbogbo ihò tí èéfín ń gbà wọlé, kí ó de bẹ́líìtì mọ́ egungun ọkọ̀, kì í ṣe mọ́ irin fẹ́lẹ́ ìjókòó, kí ó gbé irin tí ó nípọn dúró láàrin ẹrù àti awakọ̀. Fún ọkọ̀ tí ń lọ sí Àbíjàn, kí àyè wà tí awakọ̀ kejì yóò fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sí.

Àwọn kan a máa sọ pé ìjókòó tí ó bá rọ̀ jù yóò mú kí awakọ̀ sùn. Ọ̀rọ̀ náà dà bí òótọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Àárẹ̀ ni ìyá oorun. Ooru, ariwo àti ìgbọ̀nrìrì tí ń ti inú pákó wọ ara ni ó ń bí àárẹ̀. Àwọn mìíràn ní owó kò sí. Òdodo ni pé àyè èrò kan níwájú ń mú owó wá lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n kí ọlọ́kọ̀ ṣírò iye tí ọkọ̀ kan ń ná an nígbà tí ó bá dànù, kí ìlú sì ṣírò iye ilé tí ìyá tàbí bàbá ti lọ sí Àbíjàn tí kò padà bọ̀.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Àwọn àgbà a sì máa súre fún arìnrìn-àjò pé kí ọkọ̀ re ọkọ̀ bọ̀. Àdúrà rere ni. Ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ náà ni yóò bá wọn ṣe àmín rẹ̀, láti orí ìjókòó tí a bá kàn fún un.

KÓKÓ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìdí tí wọ́n fi ń ka àyè èrò sí ju àyè awakọ̀ lọ ní ayé bọ́lẹ̀kájà? Ǹjẹ́ ìdí náà ti yí padà?

2. Ṣàlàyé ewu tí ó wà nínú kí ìjókòó awakọ̀ wà ní apá ọ̀tún lójú ọ̀nà tí a ń gba ọwọ́ ọ̀tún.

3. Ta ni ó yẹ kí ó gba ẹ̀kọ́ lórí ààbò yàrá awakọ̀: awakọ̀, ọlọ́kọ̀, tàbí ajórin? Gbè ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú àpẹẹrẹ láti ìlú rẹ.